Àlàfo Ìka Kan

Ìbọn mi kò pa ẹnikẹ́ni rí.
Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fún mi gbé lọ sógun,
èmi Odùfúwà, ọmọ Ìdónà lẹ́yìn Ìsarà,
búrọ́ọ̀ṣì méjì àti agolo ọ̀dà funfun kan.
Orílẹ̀-èdè mẹ́fà kó ọmọ ogun wọn pọ̀ sétí òkun,
a lọ la ìjà tí kì í ṣe tiwa.

Pátákó náà wà nínú gbọ̀ngán ọ́fíìsì àgbà,
igi ìrókò, ó ga jù mí lọ:
orúkọ ọ̀gágun, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ.
Ìlà kan fún ẹnì kan.

Gínì ló kọ́kọ́ fi ọ̀gágun sílẹ̀,
Jẹ́nẹ́rà Kamanó, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí í fi fèrè pe ajá rẹ̀.
Ìgbà tó lọ, Gánà mú tirẹ̀ wá;
ìyẹn ní kí n kọ orúkọ òun kí òun tó jókòó,
ọ̀dà ò tíì gbẹ tó fi ìka tọ́ ọ wò.
Àmì ìka náà wà níbẹ̀ títí a fi kúrò.
Ọmọ tiwa ni ẹ̀kẹta. Ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé;
bó ṣe ń lọ, ó gbé àga rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, òjò a máa rọ̀,
n kò mọ ìdí ẹ̀.
Ẹni tó ń lọ á na àsíá, ẹni tó dé á gbà á.
Ọwọ́ ẹni tó ń lọ ni mo máa ń wò:
ìka a pẹ́ díẹ̀ lára aṣọ,
bí ọwọ́ ìyàwó lára ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀.

Kò ṣàjèjì sí mi. Nílé wa náà,
ìdílé mẹ́ta ló ń jẹ Baálẹ̀ ní mẹ́yìípọ́n,
ti Òkè, ti Odò, ti Ìta,
wọn a máa fi ìka ka ìgbà: “Àwa ló kàn.”

Láàrin ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ọjọ́ mẹ́sàn-án kan wà.
Àwọn olórí ìjọba ṣì ń jiyàn lókèèrè pé ta ló kàn.
Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan ará Gáńbíà ló di ilé mú,
Kébà Jàdámà, ọkùnrin kúkúrú tí í fọ ṣòkòtò ara rẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ní ká kó ìdènà kúrò lójú afárá,
kí ọkọ̀ ìrẹsì kọjá.
Ọ̀gágun mẹ́ta ti wí pé kò ṣeé ṣe.
Mo rí obìnrin kan tó tẹ́ gèlè sílẹ̀,
tó ń ṣa ìrẹsì tó dànù kúrò nínú yanrìn,
tó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀kẹrin dé.
Mo bi májọ̀ pé, “Kọ́nẹ́ẹ̀lì ńkọ́?”
Ó ní, “Adelé kì í wọ pátákó.”
Mo bá tò wọ́n tẹ̀ léra. Ó mọ́ rekete.
Ó dùn mí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lésìí a fi Baálẹ̀ tuntun jẹ ní Ìdónà.
Wọ́n ní kí n kọ orúkọ gbogbo wọn sára ògiri gbọ̀ngán ìlú.
Mo kọ ọ́ dé orí ẹni tó papò dà, mo dúró.
Oṣù mọ́kànlá ni Efúnbọ̀wálé, àbúrò rẹ̀ obìnrin,
fi jókòó sí ilé yẹn,
tó parí ìjà oko obì, tó gbẹ́ kànga ìsàlẹ̀ ìlú.
Mo ní, “Màmá ńkọ́?”
Àwọn àgbà wolẹ̀. Ọ̀kan húkọ́.
Ọ̀kan ní obì tí wọ́n rà ní Ṣágámù yìí ti ní kòkòrò.

N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ṣe:
mo fi àlàfo ìka kan sílẹ̀
láàrin orúkọ méjì.

Lánàá, ọmọ iléèwé kan dúró níbẹ̀,
ó fi ìka tirẹ̀ bọ àlàfo náà,
ó wo ojú mi.