Àga Méje

Èmi ni mo ń to àga nílé ìwé kan ní Timaru,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbọn fèrèsé bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ,
kí ojú ọmọ kan lè máa wo ìpàkọ́ ọmọ kejì.
Lọ́jọ́ Ẹtì, Tísà Ngaire ní kí n to méje yípo,
kí n má gbé tábìlì sáàárín.
Mo wá èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. Mẹ́fà ni mo rí.
Mo ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ ìkeje.

Tamahou ló kọ́kọ́ wọlé, ìyá ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e.
Fergus fọwọ́ bo ẹnu:
eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Ajé.
Láyé àtijọ́, lẹ́tà ni ì bá jáde.
Ọjọ́ márùn-ún nílé. Ó parí.
Ọmọ á lọ, ìbínú á jókòó dè é lórí àga rẹ̀.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́;
ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ níbí,
òkúta etí òkun kan ló ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.
Ẹni tó bá dì í mú ló lọ̀rọ̀.

Ìyá Fergus dì í mú:
"Ọmọ mi ò lè gé ápù jẹ. Ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín."
Tamahou gbà á, ó ń yí i lọ́wọ́ ṣáá.
A gbọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ òkun lórí páànù.
"Ó fi bàtà mi rẹ́rìn-ín."
Ìyá àgbà ló parí rẹ̀:
"Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Odò gbé ẹ̀gbọ́n náà lọ nígbà òtútù èṣí.
Ìwé ìròyìn la kì sí i níwájú, kó má baà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Ó yá, bẹ̀ ẹ́."
Fergus wolẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí.
Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn tí mo dúró sí,
mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó fúyẹ́ jù ú lọ.

Wọ́n fẹnu kò: Tamahou yóò máa fọ ọkọ̀ ẹja bàbá Fergus
ní òwúrọ̀ Sátidé, títí owó eyín yóò fi pé ìdajì.
Fergus ńkọ́, kí ni yóò tún ṣe?
Kò tíì mọ̀.
Tísà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an: kò tíì mọ̀.

Kí n má parọ́, inú mi ò dùn.
Mo fẹ́ kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí n kó àga mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí lẹ́nu gbọ̀ngàn,
mo rí Fergus tó lóṣòó,
ó ń ká ìwé ìròyìn gbígbẹ
rọ́pò èyí tí òjò ti rẹ nínú bàtà ńlá kan.
Kò rí mi.
Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn.