Ojú-ewé Kẹtàdínláàádọ́rùn-ún

Ìwé náà lẹ́wà, n kò ní í purọ́.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n fi àdín pa,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ àpò ṣòkòtò,
okùn sílíkì pupa wà nínú rẹ̀
tí wọ́n fi ń sàmì síbi tí wọ́n kà dé.
Ìlú mẹ́rìnlá. Ìjẹ̀bú-Òde gba ojú-ewé kan péré,
wọ́n sì tún fi ìdajì rẹ̀ ya àwòrán fèrèsé.

Fèrèsé bàbá mi ni,
aláwọ̀ ewé, gíláàsì kan ti fọ́, a fi páálí dí i.
Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí:
“Ní Ìtalápó, ẹ yà sí ilé Káfí.
Kọfí ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ẹ jókòó síta nírọ̀lẹ́.”

Kọfí kẹ̀?
Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà,
síìpù, abẹ́rẹ́, rọ́bà ìdí ṣòkòtò.
Bàbá mi Ṣónúgà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ KÁFÍŃTÀ sára pákó
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Òjò ogójì ọdún fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́,
ó fọ ŃTÀ lọ, ó ṣẹ́ku KÁFÍ.
Akọ̀wé gba inú mọ́tò kọjá, ó kà á bẹ́ẹ̀.
Kò sọ̀kalẹ̀. Ì bá sọ̀kalẹ̀,
ì bá rí ayùn tó ti dípẹtà lára ògiri.

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ dé, láti Kàlàbá.
Mo ní wọ́n ṣìnà.
Wọ́n nàka sí àwòrán, wọ́n nàka sí fèrèsé,
àfi bí ẹni pé èmi ni mo ṣìnà.
Ọkùnrin kan tún dé, kámẹ́rà lọ́rùn, ìbéèrè lẹ́nu.
Ìyẹn ni mo fi ohùn lé jáde,
ohùn tí mo kábàámọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbínábọ̀ ló ṣìkẹta. Òjò ti pa á dé egungun,
bàtà lọ́wọ́, ìwé lábẹ́ ẹ̀wù.
Kò béèrè kọfí. Ó ní, “Ṣé ibi ìjókòó nìyí?”
Mo gbé bẹ́ǹṣì jáde,
èyí tí bàbá mi kàn kẹ́yìn, tẹ́nikẹ́ni kò rà
torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Mo rẹ gàrí fún un, tiwa, èyí tó kan dé eyín,
omi tútù, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ó fojú pọ̀, ó tún bu òmíràn.
Ó ní èló ni.
Ẹnu mi ṣì ń sọ pé “má ṣèyọnu”,
ọwọ́ mi ti nà.

Mo ra agolo kọfí lọ́sẹ̀ náà.
Èyí tí mo kọ́kọ́ sè, mo rò ó bí ògì.
Fọlárìn ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó lọ fi yọ ẹnu.
Ní báyìí, ife mẹ́fà, bẹ́ǹṣì méjì.
N kò kun pákó náà o.
Bí òjò bá ṣú, Í ìparí ni mo máa ń wò.

Mo sì ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn,
mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sétí:
ibi tí wọ́n ti ń yọ eyín,
ẹni tó ń tún bàtà ṣe lọ́jọ́ Àìkú,
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́,
pé bẹ́ ẹ bá ń lọ wo Erédò ní Òkè-Ẹ̀rì,
ẹ tètè kúrò níbẹ̀, igbó kì í dágbére kó tó ṣókùnkùn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tẹ òmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú.
Ojú-ewé wa ti di ti ìlú ẹlòmíràn.
Wọ́n ní ẹnìkan kọ̀wé sí wọn
pé kò sílé kọfí ní Ìtalápó,
pé obìnrin oníbọ́tìnnì kan ló lé òun.

Òótọ́ ló kọ.
N kò lè bá a jà.
Omi ti hó, àwọn méjì wà lórí bẹ́ǹṣì níta,
ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, òjò ti mú un wú.
Ọ̀kan nínú wọn ń béèrè
bóyá mo ní bọ́tìnnì funfun, oníhò mẹ́rin.