Fọ́tò Mẹ́rin láti Ọ̀tùn

Rélùwéè ò dé Ọ̀tùn Èkìtì rí.
Ọ̀fà ló mọ. Bọ́lẹ́kájà Fálódùn ló ń gbé ìyókù.
Síbẹ̀ mo ya ibi tí ìrìn parí sí:

bẹ́ńṣì kan, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan;
òṣùwọ̀n kòkó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lórí òdo;
ògiri tí ẹnìkan fi ẹfun kọ "Rélùwéè ń bọ̀" sí,
òjò ti fọ "ń bọ̀" lọ.

Ẹ̀kẹrin ṣókùnkùn díẹ̀.
Bàbá mi ni, ó dé fìlà ọ̀gá rélùwéè
tó rà lọ́jà òkìrìkà,
ó di aago mú,
ó ń wo ọ̀nà Ọ̀fà.

Mo bi í lọ́jọ́ náà pé, "Kí lẹ ń retí?"
Ó ní, "Dákẹ́.
Ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́fà pẹ́."