Ìṣísẹ̀ Kẹtàdínlógún

Ilé-ìṣọ́ dúdú kan ti sọnù láti ọdún tí ìyá mi kú;
ìgò iyọ̀ la fi rọ́pò rẹ̀.
Lórí tábìlì ìdáná, ní Kutaisi, lóru,
Otia olùkọ́ mi tẹ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì síwájú mi.
Ó ní, "Tún un ta fún mi. Má fo ọ̀kan."

Mo tún un ta.
Straupe gbé ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ sí e4
bí ẹni wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi e6 dá e4 lóhùn,
ìgbèjà Faransé, ọgbà tí mo mọ gbogbo ihò inú rẹ̀.
Lánàá, ní Batumi, òjò ń na fèrèsé gbọ̀ngàn,
ọwọ́ mi ré kọjá e,
ó bà lé c.
Sísílì.
Mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ lábíyá rẹ̀,
ó nípọn, ìlà pupa kún inú rẹ̀,
mo mọ̀ pé èmi ni ó fi òru kà.
Ẹni tó ti kọ́ ọ̀nà ilé rẹ sórí,
ṣé kò yẹ kí o gba ọ̀nà oko yọ sí i?

Otia kò fèsì. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.
Ẹṣin fò, bíṣọ́ọ̀bù yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan,
mo kó ọba mi sá sẹ́bàá ìgò iyọ̀.

Beso, ọmọ àbúrò mi, na fóònù sí wa:
"Ẹ̀rọ ní títí dé ọgbọ̀n, ọgbọọgba ni yín.
Ìkọkànlélọ́gbọ̀n ló bàjẹ́:
ẹ gbé ilé-ìṣọ́ kúrò ní e8.
Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni, ọ̀mì ni ì bá jẹ́."
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ibi tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú.
Èmi wo ẹ̀yìn: ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, ogún,
mo dúró ní ìkẹtàdínlógún.
Wọ́n ti lé ẹṣin mi ní f6. Ọ̀nà méjì ló kù ú kù:
d7, kó padà sílé, kó jókòó jẹ́ẹ́;
tàbí h5, etí pátákó,
níbi tí ẹṣin ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan
tí kò sì lè ṣe ọ̀kan.
Ọkàn mi ti mú d7.
Ìgbà náà ni Straupe bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó nù ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òjò.
Sí òjò ni.
Mo rò pé èmi ni.
Pípadà wá dìtìjú lójú mi,
mo ju ẹṣin sí h5.

Ẹ wò ó, ohunkóhun ò wó lójú ẹsẹ̀.
Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tí mo bá gbé,
ẹṣin yẹn ni mò ń bá tọrọ àforíjì.
Ayaba sáré lọ gbè é.
Ọmọ-ogun g fi ẹnu ọ̀nà ọba sílẹ̀ nítorí rẹ̀.
Ìgò iyọ̀ kúrò ní e8 nítorí rẹ̀;
iyọ̀ díẹ̀ dà sílẹ̀.
Ọjọ́ ìsìnkú lásán ni ìkọkànlélọ́gbọ̀n,
ikú ti wọlé tipẹ́.

Otia mú ọmọ-ogun c, ó dá a padà sí c7.
"Ìkìíní ni," ó wí. "Ìwé lo sá fún, kì í ṣe èèyàn.
Ẹni tó bá sá jáde nílé ara rẹ̀
máa ń rò pé gbogbo ẹ̀rín, òun ni wọ́n ń rín."

Mo fẹ́ bá a jiyàn.
Rélùwéè òru kọjá lódìkejì odò Rioni,
àwọn ìkòkò mì, ọba funfun yí díẹ̀.
Beso ti sùn, fóònù ń tàn láyà rẹ̀.
Mo to gbogbo wọn padà, iyọ̀ sí igun tirẹ̀.
Otia gbé e4.
Ọwọ́ mi dúró lókè e, ó pẹ́,
ó tún bà lé c.
Ó ní, "Ó dáa.
Ó yá, má wo ojú mi."