Irin Mẹ́ta Lórí Pákó

Ògúnmẹ́fun ò tíì kí mi tán tó fi da irin sórí pákó,
mẹ́ta, wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń rùn bíi kọ́bọ̀ àtijọ́.
Ayùn ilé ìlagi Òkè-Àgbò ló gé sí wẹ́wẹ́,
ayùn tó ti jẹ ìrókò, tó jẹ ọmọ̀, tó jẹ arère,
kí eyín rẹ̀ tó kán lọ́jọ́ kan
sára ìṣó tí ẹnì kan ti kàn mọ́gi láyé bàbá wa.
"Irin tó mọ igbó nìyí," ó ní. "Mú èyí tó bá wù ọ́."

Àkọ́kọ́ gbòòrò bí ewé kókò.
Ẹni tó bá rí i á ní ẹran ti kú tán.
Mo kì í bọ orí ọparun tó ti ń gbẹ lájà mi láti ọdún mẹ́ta,
mo fi ìka kan gbé e: orí wálẹ̀, ìdí gòkè,
bí àgbàlagbà tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Bó bá bá pátákó èjìká pàdé, ibẹ̀ ló máa dúró sí,
àgbọ̀nrín á sì gbé e lọ bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Èkejì ní ìwọ̀ méjì lẹ́yìn, bíi ti apẹja.
Tó bá wọlé, kò níí jáde.
Mo ta irú rẹ̀ rí, lọ́dún tí afárá odò ẹ̀yìn Ojówò wó.
Abo àgbọ̀nrín ni, ó ń jẹ èso òro tó jábọ́.
Ọfà bá a níkùn. Ó fò. Ó lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ tó ń dín kù bí owó oṣù.
Lọ́jọ́ kẹrin, eṣinṣin ló júwe rẹ̀ fún mi.
Ó ti rún igi ọfà náà jẹ
dé ibi tí ẹnu rẹ̀ lè dé.
N kò gbé ẹran náà wálé.
Ìyá mi ka ọfà inú apó, ó ní ọ̀kan dín.
Mo ní ó sọnù.

Ẹwìrì dákẹ́.
"Èjìká ńkọ́?" ni Ògúnmẹ́fun wí, kò gbójú sókè.
Mo ní dáadáa ló wà.
Ó na ọrun mi sí mi: "Fà á."
Nígbà kan rí, ọsán máa ń kọjá etí mi;
lónìí ó dé àgbọ̀n, ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ọsán mi ti rí ọ̀sán tirẹ̀, ó ń lọ sírọ̀lẹ́.
"Ẹ̀kẹta ni tìẹ nígbà náà."

Ẹ̀kẹta ò lẹ́wà.
Tẹ́ẹ́rẹ́, ojú méjì, ó gùn bí ìka àárín,
bí ewé eèran tí ewúrẹ́ kọ̀.
Mo fi irun apá dán an wò; irun ṣubú láìjanpata.
Mo kì í bọ orí ọparun: ó dúró gbọọrọ lórí ìka mi,
kò gòkè, kò wálẹ̀.
Kò bèèrè ju agbára tó kù fún mi lọ.
Á gba àárín efọ́nhà méjì bí àlejò tó mọ̀lẹ̀kùn,
á la fùkùfúkù, á yọ lódì kejì;
ẹran á rin ogún ìṣísẹ̀,
á rò pé kòkòrò kan ló ta òun, á dùbúlẹ̀.

"Èló?" Ó dárúkọ iye kan.
Mo ní owó yẹn á ra ayùn tuntun.
Ìjẹ̀bú làwa méjèèjì:
a pẹ́ lórí ìyẹn ju orí irin lọ.

Mo ra mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́.
Mo sanwó oníwọ̀ náà mọ́ ọn,
mo sọ ọ́ padà sínú iná.
Kò bi mí léèrè.
Ó tún gbá ẹwìrì mú, ó ń fẹ́ná.