Ìlà Pẹ́ńsùlù

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń yin òkúta.
Ìyá mi àgbà ti mọ̀ ọ́n lára:
á gbé abọ́ kúrò lórí pẹpẹ,
á fọwọ́ di àwòrán ọkọ rẹ̀ mú lára ògiri,
á ní, "Ó yá, ẹ yìn ín."
Ilẹ̀ á mì. Ewúrẹ́ á dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ń mú pẹ́ńsùlù,
á fa ìlà kékeré síbi tí ògiri lanu dé,
á ní kí n kọ ọjọ́ sí i.
Ìlà mẹ́tàdínlógójì. Ògiri wa ti di kàlẹ́ńdà.

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́.
Ìdí ìwọ̀n ni mo jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà kúárì,
mo ń ka tírélà, mo ń kọ tọ́ọ̀nù sílẹ̀.
Gbogbo rẹ̀, Èkó. Èkó ń ga sí i,
àwa ń jìn sí i.
Owó oṣù mi ló ra páànù tó wà lórí ògiri tó ń là.

Àgbẹ̀ tó wa iṣu a máa fi ebu sílẹ̀.
Òkúta ńkọ́? Òkúta ò lébu.
Èyí tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.
Abẹ́òkúta là ń jẹ́;
bí òkúta bá tán, abẹ́ kí ni ká máa pè é?

Ẹnjiníà tuntun dé, Ṣóbọ̀wálé, obìnrin,
ó tẹ́ pépà sórí ẹní wa:
omi tí wọn ó fi pa eruku,
owó tí wọn ó yà sọ́tọ̀ kí kòtò tó jìn.
Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní,
"Iyẹ̀pẹ̀ òkè tí ẹ kọ́kọ́ hó, ibo lẹ kó o sí?"
"Ìyá, wọ́n ti dà á mọ́ àfọ́kù òkúta."
"Awọ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ bó o, ẹ sọ ọ́ nù.
Kí lẹ fẹ́ fi bo egungun?"

Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kòtò tí kúárì àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ti di odò.
Ibẹ̀ ni Àlàní ọmọ Morọ́nmúbọ̀ lọ wẹ̀, tí kò padà.
Àwọn yẹn ò dágbére. Wọ́n ṣáà lọ ni.

Ìyá àgbà na pẹ́ńsùlù sí i:
"Gbà. Kọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ sára ògiri yìí,
àti bí ilẹ̀ ṣe máa rí lọ́jọ́ náà,
kẹ́ ẹ tó yin òmíràn."
Pẹ́ńsùlù ọ̀hún ti kúrú, kò tó ìka.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo dìde, mo lọ di àwòrán bàbá mú.