Èjí

Aago márùn-ún ìdájí, oṣù Keje, ní Coyhaique,
òtútù mú débi pé irin ìwọnlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mi.
Ercilia ní kí n panu mọ́.
Ó ṣáná sí koríko tútù nínú agolo,
ó gbé e sórí pápá tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àdúgbò tuntun,
ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn.

Èéfín náà kọ́kọ́ dúró, ó ń ro ara rẹ̀ wò.
Lẹ́yìn náà ó tẹ̀, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀,
ó gba ibi tí àwọn àgùntàn ń gbà lọ sí odò,
bí arúgbó tó mọ ọ̀nà ilé láìgbójú sókè.
"Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ òru nìyẹn.
Kò lágbára. Ògiri kan péré, ó ti kú."

Nísàlẹ̀, ìlú ń sùn.
Èéfín igi ìdáná tẹ́ láti òkè dé òkè bí ọmọrí ìkòkò.
Ẹni tó ní èéfín kò ṣe é bò mọ́lẹ̀,
kó wá wò ó níbí: èéfín ló bo ènìyàn mọ́lẹ̀.
Millaray, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà,
mọ ìró ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn sí i nímú
ju bó ṣe mọ orin ilé ìwé rẹ̀ lọ.

Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà dùn ún wò.
Ilé lórí ìlà, ògiri ń fẹnu ko ògiri,
wọ́n dábùú àfonífojì bí eyín tí kò ní èjí.
Ilé ìwé wà létí títì, níbi tí àwọn tírélà
ti ń já jíà kí wọ́n tó gun òkè.

Ercilia mú rọ́bà ìpàwérẹ́.
Ó ká ilé ìwé kúrò, ó gbé e jìnnà sẹ́yìn igi.
Ó yí ojú àwọn ilé sí àríwá
kí oòrùn máa bá wọn yáná lọ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó fa páìpù omi gbígbóná yí gbogbo wọn ká,
iná kan ṣoṣo dípò igba ààrò.
Ó wá fa ìlà méjì láti orí òkè dé odò,
ó kọ sáàárín wọn pé: Ẹ má kọ́ nǹkan kan síbí.

Don Evaristo tó ni ilẹ̀ fi ìka ka àdánù rẹ̀.
"Pílọ́ọ̀tì mọ́kànlá! Fún kí ni?
Fún ohun tí kò sí níbẹ̀?"
"Ohun tí kò sí níbẹ̀ yẹn," ni Ercilia wí,
"òun ni mo fẹ́ kó rí ọ̀nà kọjá."

Belarmino, tó ń ta igi, dá mi dúró lójú ọ̀nà.
Kò pariwo. Ó ní, "Ta ni yóò wá ra tèmi?"
Mi ò rí èsì.
Igi rẹ̀ ló mú wa la òtútù já nígbà èwe wa.
Igi rẹ̀ náà ló ń hó láyà Millaray.

Ìgbìmọ̀ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Wọ́n fún wa ní méje. Mẹ́rin di ilé.
Ercilia ká àwòrán rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Òtútù méjì ti kọjá. Láàárọ̀ yìí
mo gbé agolo náà padà sórí pápá, èmi nìkan.
Èéfín sọ̀kalẹ̀, ó forí sọ ògiri ilé kẹrin,
ó dúró, ó dúró, àyà mi já,
ó wá tẹ̀ sí ọ̀tún, ó rí èjí náà,
ó kọjá.

Fèrèsé ṣí. Obìnrin kan yọrí, irun rẹ̀ rí jákujàku:
"Ta ni wèrè tó ń sun koríko lẹ́nu ọ̀nà mi?"
Mo tọrọ àforíjì. Mo da yìnyín sínú agolo.
Kò tètè pa fèrèsé rẹ̀ dé.